Idà Amujẹ̀ tí mo ní kí wọ́n ṣe fún eré wa, àti ohun tí mo bá pàdé lọ́dọ̀ àwọn tó ṣe é

Eku ló ba eré wa jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn ná.

Ẹ̀yin tó ń darí eré D&D (Dungeons & Dragons, eré orí tábìlì tí olùdarí ti ń sọ ìtàn, tí oníkálukú ń ṣe ipa ẹnì kan nínú rẹ̀, tí dáìsì sì ń pinnu ohun tó ṣẹlẹ̀) mọ bí irú iṣẹ́ yìí ṣe ń lọ: èèyàn á kọ èrò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ aṣètò kan, wọ́n á bá a sọ ọ́ di ohun-ìjà abàmì, pẹ̀lú àwòrán, ìtàn àti òfin agbára rẹ̀ lórí káàdì. Mi ò ní fi ìyẹn gbà yín lákòókò. Idà tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ni mo ní kí wọ́n ṣe, kí jagunjagun ẹgbẹ́ wa lè ní ohun kan tí yóò máa bá a dàgbà.

Káàdì náà dé, ó sì rẹwà, òótọ́ kì í fara sin. Ayàwòrán wọn fa iṣan pupa tín-ín-rín kan láti èèkù idà dé ṣóńṣó rẹ̀, iṣan náà sì ń nípọn sí i bó ṣe ń lọ. Ìtàn tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ò ju ìlà mẹ́rin lọ, kò sì sí ọ̀rọ̀ kan tó ṣòfò níbẹ̀. Ẹ̀yìn káàdì ni wàhálà wà. Bí wọ́n ṣe kọ òfin rẹ̀ nìyí: “Nígbàkúùgbà tí idà yìí bá pa ẹ̀dá abẹ̀mí kan, ẹni tó mú un lọ́wọ́ yóò gba àmì ẹ̀mí mẹ́wàá padà.” Àmì ẹ̀mí ni iye ẹ̀mí tó kù lára ẹ̀dá kan nínú eré. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. Ẹ̀dá abẹ̀mí kan. Kò sọ pé ọ̀tá. Kò sọ iye ìgbà lóòjọ́.

Àbúrò tó ń ṣe jagunjagun ka káàdì náà tán, ó dákẹ́ díẹ̀, ló bá ní òun fẹ́ ra àgò kan nínú ọjà ìlú tí ìtàn wa dé, kí òun kó eku kún inú rẹ̀. Nínú òfin eré náà, àmì ẹ̀mí kan ṣoṣo ni eku ní. Bí idà bá ti bà á, ó ti kú. Bí ìjà bá ti parí báyìí, á fa eku kan jáde, á gún un, mẹ́wàá á wọlé. Òmíràn. Òmíràn. Kí àlùfáà ẹgbẹ́ wa tó lanu pé òun fẹ́ wo ẹnikẹ́ni sàn, ara jagunjagun ti yá. Ẹ̀gbọ́n tó ń ṣe àlùfáà náà fẹ́ràn ipa yìí gan-an, àmọ́ nígbà tó yá, fóònù rẹ̀ ló ń wò nídìí tábìlì.

A wá dé iwájú dírágónì tí mo ti ń múra rẹ̀ sílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Láti ìpele karùn-ún ni jagunjagun ti máa ń kọlù lẹ́ẹ̀mejì nígbà tó bá kàn án. Ó gbé àgò kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi ìkọlù kìíní gún eku, ó fi ìkejì gún dírágónì. Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn títí dírágónì fi ṣubú. Ìjà tó yẹ kó gbọ̀n wá lọ́kàn di iṣẹ́ alápatà. Inú ẹnikẹ́ni ò dùn nígbà tí a dìde, títí kan àbúrò náà fúnra rẹ̀, kò sì jẹ̀bi. Ohun tí káàdì sọ ló ṣe.

Ohun tó bí mi nínú jù ni pé ọ̀ràn eku yìí ti di ìtàn àtijọ́ láàárín àwọn tó ń ṣètò òfin eré. Ẹ wo idà tó ń jí ẹ̀mí nínú òfin D&D ti 2014: àfi kí dáìsì olójú ogún tí a ń jù láti kọlù bọ́ sí 20 gan-an kí agbára rẹ̀ tó jí, ẹ̀ẹ̀kan nínú ogún nìyẹn, àmì ẹ̀mí tó ń fúnni sì jẹ́ ti ìgbà díẹ̀, èyí tí kì í gorí ara wọn. Ẹni tó bá fi iṣẹ́ yìí jẹun yẹ kó ti mọ̀.

Mo kọ̀wé sí wọn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹni tó kọ́kọ́ dá mi lóhùn kí mi dáadáa, ó dúpẹ́ pé mo gbé iṣẹ́ fún wọn, ó wá ní “olùdarí eré lẹ́tọ̀ọ́ láti yí òfin èyíkéyìí padà bó bá ṣe wù ú.” Orí mi gbóná. Bó bá jẹ́ pé èmi ni n ó tún un ṣe, kí ni mo wá dé ọ̀dọ̀ yín fún? Mo fèsì pé kì í ṣe àwòrán nìkan ni mo sanwó fún. Ó tún fi gbólóhùn kan náà ránṣẹ́, kò yí ọ̀rọ̀ kan padà. Mo bi í bóyá ẹnikẹ́ni lọ́dọ̀ wọn ti fi idà náà ṣeré rí kí wọ́n tó fi í ránṣẹ́ sí mi. Kò dáhùn ìyẹn. Ó ní òun á gbé e lọ bá àwọn aṣètò.

Aṣètò tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, obìnrin ni, kò fi àdídùn ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó ní, “Ẹ má bínú, àwa la jẹ̀bi. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni àwọn yòókù ń ṣe nídìí tábìlì nígbà tó ń gún eku?” Ẹnu yà mí. Mo ròyìn àlùfáà fún un. Ó ní ibẹ̀ gan-an ni egbò wà: idà náà ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, bí òun bá sì kàn dí ọ̀nà eku, á ṣì máa gbà á nínú gbogbo ìjà tó kù.

Mo ní kó kúkú yọ ìmujẹ̀ náà kúrò, kó fi +2 rọ́pò rẹ̀, ìyẹn méjì tí a máa fi kún ohun tí dáìsì ìkọlù bá mú wá. Kò gbà. Ó kọ lẹ́tà gígùn sí mi pé lórí dáìsì olójú ogún, àfikún kan jẹ́ ìdá 5 nínú 100. +2 á jẹ́ 10, á máa ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò ní rántí rẹ̀. Èèwọ̀ ohun-ìjà ni èèyàn ń rántí. Mo ka lẹ́tà yẹn ní àkàtúnkà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń darí eré, n kò rí ẹni tó là á yé mi tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ohun tó wá ṣe nìyí. Idà náà lè mu ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, agbára náà á sì padà ní ìdájí. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ti ṣá ẹni tó ni idà lọ́gbẹ́ lọ́jọ́ yẹn nìkan ló ń mu. Ó kà á mọ́ ohun abàmì mẹ́ta tí òfin gbà kí ẹnì kan so mọ́ ara rẹ̀. Bí wọ́n bá fà á yọ tí wọ́n sì dá a padà sínú àkọ̀ láìjẹ́ pé ó tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò, á gba ti ẹni tó ni ín, ọgbẹ́ yẹn kò sì ní jinná àfi kí ẹlòmíràn fọwọ́ ara rẹ̀ wò ó.

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ló dá ẹ̀gbọ́n padà sínú eré. Nígbà tí a tún pàdé, jagunjagun fa idà yọ níwájú aṣọ́bodè kan tó ń parọ́ fún wa. Aṣọ́bodè kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀. Àbúrò wo káàdì, ó wo aṣọ́bodè, kò mọ èyí tí òun ì bá ṣe. Ó dá idà padà sínú àkọ̀. Kí n tó sọ iye tí ọgbẹ́ náà gbà, ẹ̀gbọ́n ti gbé dáìsì rẹ̀ sọ́wọ́. Nínú gbogbo ohun abàmì tó ti wọ eré wa, kò sí èyí tó tó o.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ wà. Lẹ́tà pupa lórí dúdú ni wọ́n fi tẹ ẹ̀yìn káàdì tuntun, lábẹ́ iná alẹ́ èèyàn ò rí i kà. Èyí tó burú jù ni pé àdéhùn wọn gbà wọ́n láyè láti tún ohun tí wọ́n bá ṣe tà fún ẹlòmíràn, mo sì rí idà mi lórí àtẹ wọn, pẹ̀lú òfin àkọ́kọ́, “ẹ̀dá abẹ̀mí kan” ṣì wà níbẹ̀. Mo kọ̀wé. Ẹni àkọ́kọ́ yẹn ló tún dá mi lóhùn, pé olùdarí eré lẹ́tọ̀ọ́ láti yí òfin padà.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Mo ti gbé iṣẹ́ kejì fún wọn, àṣíborí tí ẹni tó bá dé e yóò máa gbóhùn òkú, mo sì bẹ̀ wọ́n pé aṣètò obìnrin yẹn ni kí wọ́n gbé e fún.