Ìkìlọ̀: Ẹ má fowó ránṣẹ́ sí atukọ̀ tó ní òun lè kó èèyàn mẹ́sàn-án lọ pẹja ní Galveston

Ẹ̀yin ará wa ní Houston àti Dallas, àti ẹ̀yin tí ẹ máa ń ti ọ̀nà jíjìn wá pẹja lójú agbami Gulf, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka èyí tán kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin kan wà tó ń polówó ọkọ̀ ojú omi lórí Facebook. Ó gba 1,800 dọ́là lọ́wọ́ àwa mẹ́sàn-án nínú oṣù June, díẹ̀ ló sì kù kó gba ẹ̀mí wa mọ́ ọn. N kò ní dárúkọ rẹ̀ níbí, torí ọ̀rọ̀ náà ti wà lọ́wọ́ agbófinró. Ó sì ti pààrọ̀ orúkọ ojú ewé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà náà, nítorí náà orúkọ ò lè ràn yín lọ́wọ́. Ìṣe rẹ̀ ni kí ẹ mọ̀.

Àwa kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì o. Ọdún keje rèé tí àwa ọ̀rẹ́ kan ti ń tẹ̀lé ẹja kiri etíkun yìí. Láti January sí March, a máa ń wa mọ́tò lọ sí Venice ní Louisiana, níbi tí títì parí sí nítòsí ẹnu odò Mississippi, nítorí yellowfin tuna. Tó bá di June, Galveston ló kàn, nítorí red snapper. Nígbà tí ooru August bá mú, a ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí Port Aransas fún kingfish àti ling. Atukọ̀ tó máa ń gbé wa ní Galveston ti dàgbà, ó ta ọkọ̀ rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ó lọ sinmi. Bí a ṣe bọ́ sọ́wọ́ ẹni yìí nìyẹn.

Àwòrán ló fi mú wa. Ọkọ̀ funfun ńlá kan tí imú rẹ̀ ga sókè, pẹ̀lú tuna tó tóbi bí ọmọ màlúù tí wọ́n tò sórí pákó èbúté. Ohun tó kọ sábẹ́ rẹ̀ ni pé Galveston ni, ọ̀sẹ̀ tó kọjá, inú oṣù May sì la wà nígbà náà. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bàjẹ́ tán ni mo tó fẹ àwòrán náà lójú fóònù mi. Gbogbo èèyàn tó wà níbẹ̀ ló dé fìlà òtútù tó bo etí, ọkùnrin kan tiẹ̀ wọ ìbọ̀wọ́ onírun. Ta ló ń wọ ìbọ̀wọ́ ní Galveston nínú oṣù May? Mo gbé àwòrán náà sínú Google, ó sì gbé mi lọ sí Hatteras ní North Carolina, níbi tí bluefin tuna ti máa ń sún mọ́ etíkun nígbà òtútù. Ó jí àwòrán ẹni ẹlẹ́ni ni. Ẹ máa wo aṣọ ọrùn èèyàn nínú àwòrán kí ẹ tó wo ẹja.

Ohun kejì ni iye èèyàn. Mo ní fún un pé a jẹ́ mẹ́sàn-án, ó ní kò séwu, gbogbo wa ni ọkọ̀ òun máa gbà. Ó yẹ kí n ti sá níbẹ̀. Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, ọkọ̀ kékeré tí Coast Guard, ìyẹn àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun, kò yẹ̀ wò kò gbọdọ̀ gbé ju èrò mẹ́fà tó sanwó lọ. Tí wọ́n bá ti di méje, ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ ní ìwé tí wọ́n ń pè ní Certificate of Inspection, ibi tí gbogbo èrò ti lè rí i ni wọ́n sì ń gbé e kọ́. Mo mọ òfin yìí dáadáa. Àmọ́ tí a bá tẹ̀lé e, ọkọ̀ méjì la máa háyà, owó á sì di ìlọ́po méjì. Èmi ni mo sọ fún àwọn yòókù pé ká gbà á bẹ́ẹ̀, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Ó gba 900 dọ́là ní àsansílẹ̀ nípasẹ̀ Zelle, ètò tí a fi ń fowó ránṣẹ́ láti báǹkì sí báǹkì lórí fóònù. Ní aago márùn-ún ìdájí ọjọ́ náà, a bá a ní èbúté. Ọkọ̀ inú àwòrán ò sí níbẹ̀. Ó ní ó wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Èyí tó gbé wá kò gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 24 lọ, ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó gba 600 mìíràn ní káàṣì kó tó jẹ́ ká wọlé. Mo ka jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì: márùn-ún, méjì nínú wọn ti ọmọdé. Àwa mẹ́sàn-án, àtòun gan-an. Mo tún ti wo bọ́ì 42035 lórí fóònù mi láàárọ̀ yẹn, èyí tó ń ròyìn bí omi ṣe rí ní apá ìlà oòrùn Galveston, ìgbì náà sì ń lọ sí ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún. Atukọ̀ náà ní omi tutù bí omi àmù. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìbàdàn ti mú ọ̀pá ìwọ̀ dání, inú rẹ̀ ń dùn, kò ì tíì rí òkun báyìí rí. A wọlé.

Lẹ́yìn nǹkan bí ọgbọ̀n máìlì, a dúró lẹ́bàá òpó epo kan. Ẹja ń jẹ lóòótọ́, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó ní ká máa kó gbogbo èyí tí a bá rí, pé kò sẹ́ni tó ń ka ẹja. Irọ́ ni. Nínú omi ìjọba àpapọ̀, red snapper méjì péré ni ẹnì kọ̀ọ̀kan lè mú lójúmọ́, kò sì gbọdọ̀ kéré sí íǹṣì 16. Nínú omi ìpínlẹ̀ Texas, tí kò kọjá máìlì òkun mẹ́sàn-án sí etíkun, mẹ́rin ni. A ti kọjá ibẹ̀ tipẹ́. Ibẹ̀ la wà tí ẹsẹ̀ mi fi tutù. Mo wolẹ̀, omi ti dé ọrùn ẹsẹ̀ wa. Ẹ̀rọ tó yẹ kó máa fa omi dànù kò ṣiṣẹ́, bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, ṣe ló kàn ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà tú yìnyín inú kúlà dà sómi, wọ́n sì ń fi kúlà náà gbọ́n omi bí ẹni gbọ́n ọkọ̀ ọlọ́pọ́n. Ọmọ yẹn ti bì títí, kò ní nǹkan kan nínú mọ́. Ìgbà yẹn ni ọkùnrin náà wá sọ fún wa pé epo ò tó, 300 dọ́là lòun máa gbà kó tó yí padà. A fún un. Kí la fẹ́ ṣe?

Bí a ṣe ń wọlé, kó tó di pé a dé àárín òkúta tó wà lẹ́nu èbúté, a rí ọkọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ Texas Parks and Wildlife, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń ṣọ́ òfin ẹja pípa, níwájú. Lójijì, atukọ̀ wa di ọ̀rẹ́ wa. Ó ní tí wọ́n bá bi wá, ká sọ pé ọ̀rẹ́ ni gbogbo wa, pé a kàn jọ dá owó epo ni. Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa níbí: ẹni tó bá ní kí ẹ sọ bẹ́ẹ̀ ti jẹ́wọ́ pé òun ò ní àṣẹ. Ẹ̀gbọ́n wa wò ó, wọ́n ní, “Mo ti dàgbà ju kí n máa purọ́ fún ìjọba nítorí ẹja lọ.” A sọ òótọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ náà ka ẹja 31, wọ́n wọn àwọn kan, wọ́n kó gbogbo rẹ̀. Atukọ̀ ò ní ìwé àṣẹ Coast Guard, kò ní ti ìjọba àpapọ̀ fún red snapper. Wọ́n gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu wa, wọ́n sì jẹ́ ká lọ. Owó ìtanràn tí Coast Guard máa ń bù fún irú wọn lè lé ní 60,000 dọ́là, àmọ́ kọ́bọ̀ nínú rẹ̀ ò ní kàn wá.

Báǹkì mi ní èmi ni mo fọwọ́ ara mi fi Zelle ránṣẹ́, kò sóhun táwọn lè ṣe. Tó bá jẹ́ káàdì ìrajà àwìn ni mo fi san án, òfin fún mi ní 60 ọjọ́ látìgbà tí wọ́n bá fi ìwé owó ránṣẹ́ láti fi takò ó. Nítorí náà, atukọ̀ tí kò bá gba káàdì, ẹ fi í sílẹ̀.

Àṣẹ red snapper yìí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ díẹ̀, torí ibẹ̀ ni irọ́ wọn ti máa ń já. Láti 2003 ni ìjọba kò ti fún ọkọ̀ tuntun ní àṣẹ láti máa fowó gbé èèyàn lọ pẹja orí àpáta ní Gulf. Ẹni tó bá fẹ́, ó di dandan kó gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ti ní in tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó kọjá gbọ́dọ̀ lè sọ bó ṣe dọ́wọ́ òun. Ẹ ní kó fi àwòrán ìwé àṣẹ náà ránṣẹ́, pẹ̀lú Merchant Mariner Credential, ìwé àṣẹ atukọ̀ tí Coast Guard ń fúnni, tó jẹ́ tirẹ̀ gan-an. Tí ẹ bá dé èbúté, ẹ wá sítíkà àṣẹ náà ní ẹ̀gbẹ́ òsì ọkọ̀. Bó bá jẹ́ tuna lẹ ń bá lọ, àṣẹ ti NOAA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òkun, fún ọkọ̀ akérò tó ń pa ẹja alárìnkiri tún wà lọ́tọ̀. Atukọ̀ gidi kì í bínú. Èyí tó gbé wa ní Port Aransas ní August fi gbogbo tirẹ̀ ránṣẹ́ kí n tó mu tíì mi tán, ó sì dúpẹ́ pé mo béèrè.

Ìdí tí mo fi ń kọ èyí lónìí ni pé ọkùnrin náà ń tẹ̀lé ẹja bí àwa náà ṣe ń tẹ̀lé e. Ojú ewé tuntun kan ti ń polówó Venice fún January báyìí: “ẹgbẹ́ ńlá, 8 sí 10, tuna láìníye.” Yellowfin mẹ́ta ni òfin gbà fún ẹnì kan lójúmọ́. Àwòrán ọkọ̀ onímú gíga yẹn kan náà ló lò, àwọn tó dé fìlà òtútù sì ṣì wà níbẹ̀.

Tí ẹ bá ti fowó ránṣẹ́ sí i, ẹ pe báǹkì yín lónìí, bí owó náà kò bá tíì wọlé, wọ́n lè dá a dúró. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ kankan tó fi ránṣẹ́ sí yín rẹ́. Tí ẹ bá sì ti wọ ọkọ̀ rẹ̀ láti May, ẹ kọ̀wé sí mi, èmi yóò so yín pọ̀ mọ́ òṣìṣẹ́ tó ń wádìí ọ̀rọ̀ náà. Ó ní àwọn ṣì ń wá ẹlẹ́rìí sí i.