Sunrise (1927): Sinimá Aláìlóhùn Lórí Ọkọ, Aya àti Àlè

Sunrise, tí F. W. Murnau, ọmọ Jámánì, darí fún iléeṣẹ́ Fox ní Amẹ́ríkà, fi díẹ̀ ju wákàtí kan àtààbọ̀ lọ. Àgbẹ̀ kan, tí George O'Brien ṣe, ń yan obìnrin kan tí ó wá láti ìlú ńlá lálè, obìnrin yìí sì gbà á nímọ̀ràn pé kí ó ri ìyàwó rẹ̀ sínú omi, kí ó ta oko rẹ̀, kí ó sì tẹ̀ lé òun. Nígbà tí ìmọ̀ràn burúkú náà hàn lójú fíìmù, àwọn lẹ́tà rẹ̀ gan-an yọ́, wọ́n sì rì lọ sísàlẹ̀.

Ibi tí eré náà ti dára jù lọ ni láti inú ọkọ̀ ojú omi títí dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkọ dìde láti ti ìyàwó rẹ̀, ìyàwó pa ọwọ́ pọ̀ bẹ̀ ẹ́, apá ọkọ sì rọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti gúnlẹ̀ ni ìyàwó náà sá wọ ọkọ̀ ojú irin kékeré kan tí ó ń lọ sí ìlú, ọkọ sì sáré bá a níbẹ̀. Igbó àti ilé ń kọjá lójú fèrèsé, àwọn méjèèjì kò lè wo ojú ara wọn. Ọ̀rọ̀ wo ni ẹni tí ó fẹ́ pa aya rẹ̀ ì bá tilẹ̀ rí sọ? Ìgbà tí wọ́n wọ ṣọ́ọ̀ṣì tí àwọn ẹlòmíràn ti ń ṣègbéyàwó, tí ọkọ gbọ́ ẹ̀jẹ́ tí òun náà ti jẹ́ rí, ni ó tó bú sẹ́kún, tí ó gbé orí lé itan aya rẹ̀. Janet Gaynor, tí ó ṣe ìyàwó náà, ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar fún òṣèrébìnrin tó dára jù lọ, ní ọdún 1929, fún iṣẹ́ rẹ̀ nínú fíìmù yìí àti méjì mìíràn. Ó tọ́ sí i.

Àbùkù rẹ̀ kò ṣàì sí. Eré ẹ̀fẹ̀ inú ìlú, pàápàá ti ẹlẹ́dẹ̀ tí ó mutí yó, gùn jù. Èyí tí ó dùn mí jù ni pé orí àlè ni gbogbo ẹ̀bi já lé, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ọkọ ni ì bá pa aya. Ìdáríjì tí ó sì yẹ kó gba ọdún ni a parí láàárín ọjọ́ kan.

Bí a tilẹ̀ ń pè é ní aláìlóhùn, Fox fi orin àti ariwo sí i, nítorí náà, ẹ̀dà tí ó ní orin àkọ́kọ́ náà ni kí ẹ wá. Lẹ́yìn ìjì tí ó jà wọ́n lójú omi nígbà tí wọ́n ń padà sílé, nígbà tí ọkọ ń ké pe aya rẹ̀ lójú omi, fèrè ni a gbọ́ dípò ohùn rẹ̀. Ẹ̀dà tí wọ́n bá ti pààrọ̀ orin rẹ̀ lè pàdánù èyí.