Mineral oil fún ọ̀bẹ alágbẹ̀dẹ: ohun tí mo rí ní ìgbà òjò l'Ékòó

Bí ẹ bá ń lo ọ̀bẹ alágbẹ̀dẹ, tí ẹ sì máa ń gbé e pamọ́ láti òde kan di òmíràn, ẹ ra mineral oil, òróró tí mo fi ń pa ọ̀bẹ kó má baà dógùn-ún. Bó bá jẹ́ ojoojúmọ́ ni ọwọ́ yín ń kan ọ̀bẹ náà, ẹ lè fi owó yín pamọ́. Mo ti lò ó la ìgbà òjò tó kọjá já, ohun tí mo sì rí nìyẹn.

Iṣẹ́ alásè ni mò ń ṣe, ní Lafiaji. Ọjà Sandgrouse ni mo ti ń ra ẹran, ẹja àti ìgbín. Ọ̀sà kò jìnnà sí wa, òkun náà kò jìnnà. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ wọlé ní ọ̀rinrin, ó sì ní iyọ̀ nínú. Irin sípíríǹgì mọ́tò ni alágbẹ̀dẹ fi rọ àwọn ọ̀bẹ tí mo fẹ́ràn jù. Kábọ̀nù inú irin yẹn ló ń jẹ́ kó mú, tí kì í sì í tètè kú. Ṣùgbọ́n chromium inú rẹ̀, ìyẹn èròjà tí kì í jẹ́ kí irin dógùn-ún, kì í sábà ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀bẹ stainless gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán 10.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà, bí omi bá ti dúró lára ọ̀bẹ tiwa, ó máa dógùn-ún. Bí iyọ̀ bá wà nínú omi náà, kì í tilẹ̀ pẹ́ rárá.

Mineral oil yìí kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kò sì ní adùn. Inú epo rọ̀bì ni wọ́n ti ń yọ ọ́, wọ́n sì ń fọ̀ ọ́ mọ́ títí yóò fi ṣeé lò lára ohun tó ń kan oúnjẹ. Èyí tí wọ́n kọ bẹ́ẹ̀ sára ìgò rẹ̀ ni kí ẹ rà. Òróró ìpara ọmọdé jọ ọ́, ṣùgbọ́n lọ́fínńdà wà nínú ìyẹn. Epo ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Ẹ má gbìyànjú rẹ̀ rárá, oúnjẹ ènìyàn ni a ń fi ọ̀bẹ yìí gé.

Òróró ẹ̀pà ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń fi pa ọ̀bẹ. Ó ń dán lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Tó bá ti wà lára irin fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, afẹ́fẹ́ á bà á jẹ́, á máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, á sì máa rùn. Mineral oil kì í ṣe bẹ́ẹ̀, bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀ lẹ máa bá a. Òróró àgbọn ló súnmọ́ ọn jù: òun náà kì í tètè bàjẹ́, àfi pé ó máa ń dì bí ibi tó wà bá tutù ju nǹkan bí 24°C lọ, irú bíi nínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù wà. Fún ọ̀bẹ ilé tí ẹ ń lò lójoojúmọ́, òróró àgbọn ti tó.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ kà nìyí. Òróró kankan kò lè gba ọ̀bẹ tí omi ṣì wà lára rẹ̀ là. Bí ẹ bá fi pa á lórí omi, ẹ ti há omi náà mọ́ abẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Bí mo bá ti gé nǹkan tán, mo máa ń fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, màá nù ún, màá wá gbé e sẹ́bàá ààrò díẹ̀ kí ooru fà á gbẹ. Ibi tí irin ti wọ inú èèkù ni omi máa ń sápamọ́ sí, ibẹ̀ ni mo sì ti máa ń rí ìdógùn-ún kí n tó rí i níbòmíràn. Ẹ̀kán òróró méjì tàbí mẹ́ta lórí aṣọ mímọ́ ti tó fún ojú méjèèjì. Lẹ́yìn náà, aṣọ gbígbẹ ni kí ẹ wé e sí. Ẹ má kì í bọ inú àkọ̀ awọ, ẹ má dì í sínú ọ̀rá, nítorí àwọn méjèèjì máa ń dá omi dúró.

Ohun kan tún wà tó ràn mí lọ́wọ́ tó òróró náà. Ọ̀bẹ mi àtijọ́ ti gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, iṣu àti àlùbọ́sà títí ojú rẹ̀ fi dúdú. Dúdú yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí, ó ń bo irin ni. Pupa tó ń hó kúrò ni ọ̀tá. Nínú òjò oṣù Keje, ọ̀bẹ àtijọ́ yìí kò ní àbààwọ́n kankan. Ọ̀bẹ tuntun tó ṣì ń dán, tí mo pa ní òróró kan náà tí mo sì tọ́jú síbì kan náà, ní àmì pupa wẹ́wẹ́ létí ẹnu rẹ̀. Mo ti wá kìlọ̀ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi pé kí wọ́n má fi kàn-ìn-kàn-ìn onírin ha dúdú náà kúrò.

Àwọn àléébù rẹ̀ wà. Bí ẹ bá ti gé àlùbọ́sà bíi mélòó kan, òróró náà ti lọ. Tó bá kan èèkù níbi tí ẹ ti ń dì í mú, ó ń yọ̀, ó sì léwu fún ẹni tó ń pa ẹja. Ẹ fọṣẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kì í yọ ìdógùn-ún tó ti wà tẹ́lẹ̀, sáńpépà tó kúnná ló ń ṣe ìyẹn. Ó wọ́n ju òróró ẹ̀pà lọ dáadáa, ṣùgbọ́n ìgò kékeré máa ń pẹ́ gan-an.

Èmi máa tún un rà. Mo ti ń fi pa èèkù onígi àti pákó tí mo fi ń gé ẹran pẹ̀lú, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí igi máa ń fẹ́ là.