Mẹkáníìkì ọ̀kadà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ní Ìsẹ́yìn: ó mọṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ mú sùúrù dání

Ẹni tó bá ní ọ̀kadà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin lóko ní Òkè-Ògùn mọ ohun tí ojú ń rí. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ọ̀kadà á kàn yí i po, wọ́n á mi orí, wọ́n á béèrè iye tí ẹ rà á. Ọ̀gá tí mò ń sọ yìí, tó wà lọ́nà Ṣakí, kò béèrè.

Honda Recon ni tiwa, tòkunbọ̀, ẹ́ńjìnnì 229 cc oníkábúrétọ̀. Kò ní ṣéènì; ṣáàfù ló ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Kajú la fi ń kó. Kajú parí, ó wà lábẹ́ àtíbàbà títí ọyẹ́ fi dé. Nígbà tí a tún máa lò ó, ó ń tan o, àmọ́ tí ẹ bá ti ti ṣóòkì (èyí tó ń dín atẹ́gùn kù kí epo lè pọ̀ nígbà títan) padà báyìí, ó kú. Mẹkáníìkì tó kọ́kọ́ wò ó ní kábúrétọ̀ tuntun ló kù. Ọ̀gá yìí ní, "Màmá, ẹ má tíì ná kọ́bọ̀."

Ó yọ púlọ́ọ̀gì, ó gbé e ti irin ẹ́ńjìnnì, ó ní kí ọmọ iṣẹ́ tẹ sítátà: iná ń ṣẹ́ dáadáa. Ó wá tú epo ìsàlẹ̀ kábúrétọ̀ sínú ike. Ó ti pọ́n bí omi tíì, òórùn ọ̀dà ló ń gbé jáde. Ó ní ẹ́ńjìnnì tí kò lè dúró láìsí ṣóòkì, epo ni kò rí mu; jẹ́ẹ̀tì kékeré, ihò tí epo ń gbà nínú kábúrétọ̀, ti dí. Fọ́nrán wáyà bàbà kan ló fi là á, ó sì fi atẹ́gùn fẹ́ ẹ. Ọmọ iṣẹ́ fẹ́ fi abẹ́rẹ́ gún un, ó jágbe mọ́ ọn, torí tí ihò yẹn bá fẹ̀, epo á máa pọ̀ jù.

Eruku ti bo fọ́ọ̀mù fíítà afẹ́fẹ́. Ọṣẹ àti omi ló fi fọ̀ ọ́. Ó ní bẹntiróòlù máa ń jẹ àtè tó lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ó gbẹ, ó fi ọ́ìlì rin ín, ó fún un, ó dá a padà.

Ti ọ́ìlì ló wú mi lórí jù. Aládùúgbò rẹ̀ ń ta ọ́ìlì mọ́tò ní owó pọ́ọ́kú, kò tilẹ̀ wo ibẹ̀. Inú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì gan-an ni kílọ́ọ̀ṣì wà, ọ́ìlì mọ́tò mìíràn sì lè mú kó máa yọ̀. Ike tí wọ́n kọ JASO MA sí, ìyẹn àmì ọ́ìlì ọ̀kadà tí kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wà nínú ọ́ìlì, ló ní kí n wá.

Ẹjọ́ rẹ̀ náà wà. "Ọ̀la" tirẹ̀ kì í ṣe ọ̀la tèmi àti tiyín. Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo tó gbé e. Fọkanáísà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tún fẹ́ táyà wa bíi ti ọ̀kadà, nígbà tó jẹ́ pé atẹ́gùn táyà Recon kò gbọdọ̀ tó 5 psi lórí gééjì. Ó ń ta ọmọ tó ń gùn ún sókè lórí òkúta. Ọ̀gá ń wò wọ́n, kò sọ nǹkan kan, ìyẹn sì dùn mí. Ẹ mú gééjì tiyín lọ.

Owó iṣẹ́ jẹ́ ₦8,000, ọ́ìlì lọ́tọ̀. Kì í gba tiránsífà. Tó bá sì ti di ọ̀sán Jímọ̀, ẹ má wulẹ̀ lọ, ẹ ò ní bá a.