Oṣù mẹ́ta tí mo fi lo omi olú reishi nítorí ikùn mi

Kílò 1.5 péré ló dín lára mi láàárín ọ̀sẹ̀ 12. N ò sì lè búra pé reishi, olú líle tí wọ́n fi ń ṣe oògùn ní Éṣíà, ló dín in kù, torí àsìkò yẹn gan-an ni mo jáwọ́ nínú ọtí ẹlẹ́rìndòdò.

Ike àkọ́kọ́ tí mo rà, gbájúẹ̀ gbáà ni. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí i lára pé reishi ni, àmọ́ nígbà tí mo tú kápúsù kan sẹ́nu, ṣe ló ń dùn díẹ̀díẹ̀. Ara fu mí. Reishi gidi a máa korò bíi jogbo, nítorí triterpene, ìyẹn èròjà kíkorò inú rẹ̀. Mo po ẹ̀tù náà mọ́ omi gbígbóná, mo jẹ́ kó tutù, mo sì kán áyódìn tí wọ́n ń fi sójú ọgbẹ́ sí i. Ojú ẹsẹ̀ ló dúdú bí aró. Sítáàṣì rèé, òun ni áyódìn máa ń sọ di dúdú! Àwọn kan ń gbin olú sórí ọkà, wọ́n á wá lọ gbòǹgbò olú tọkàtọkà.

Èkejì, olú gangan ni wọ́n sè, tí wọ́n yọ omi rẹ̀. Áyódìn ò mú un dúdú. Ìkorò rẹ̀ kì í sì í kúrò lọ́nà ọ̀fun bọ̀rọ̀.

Ìwádìí kan láti Taiwan, tó jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature Communications lọ́dún 2015, ló kó sí mi lórí. Wọ́n fi oúnjẹ ọlọ́ràá bọ́ àwọn eku, wọ́n sì ń fún wọn ní omi reishi. Wọn ò sanra tó àwọn tí kò mu ún. Nígbà tí wọ́n wá fi ìgbẹ́ wọn sínú ìfun eku mìíràn, àwọn yẹn náà ò sanra tó bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni pé bakitéríà inú ìfun lọ̀rọ̀ náà kàn, kì í ṣe pé olú ń yọ́ ọ̀rá bí iná ti ń yọ́ òrí. (Gbòǹgbò olú tí mo ń bú lókè yìí náà ni wọ́n lò o, omi rẹ̀ ni wọ́n yọ.) Ṣùgbọ́n eku ni. Ẹni tó wá kọ “ọ̀rá á yọ lọ́jọ́ 30” sára ike, ibo ló ti rí i?

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, inú mi ń kùn ṣáá. Lẹ́yìn náà, ìgbẹ́ mi ń lọ déédéé, èyí tó ti pẹ́ tí mo rí irú rẹ̀. Bẹ́líìtì mi ò kúrò lójú ihò kẹta.

Ẹni tó bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kó bi dókítà rẹ̀ kó tó fẹnu kàn án. Ìdajì ike kejì ṣì wà nílẹ̀. Màá mu ún tán nítorí ìfun mi, n ò sì ní ra ẹ̀kẹta.