Oṣù mẹ́rin lórí pátákó Wii Fit, ní pálọ̀ wa ní Ìjẹ̀bú-Òde

Apá òsì mi ni rọpárọsẹ̀ mú, tọwọ́ tẹsẹ̀. Nígbà tí mo kúrò ní ọsibítù, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni fisió tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú mi ń wá. Ọjọ́ mẹ́fà tó kù, èmi àti ògiri la jọ wà. Ọmọ mi tó wà l'Ékòó ló ra Wii tòkunbọ̀, ẹ̀rọ géèmù orí tẹlifíṣọ̀n, pẹ̀lú pátákó tí wọ́n ń dúró lé fi ṣe eré ìdárayá Wii Fit wá. Ohun àtijọ́ ni, láti 2007 ni Nintendo ti gbé pátákó náà jáde.

Ó jọ òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn èèyàn, àmọ́ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń wọn ìwúwo, tó ń fi Bluetooth gbé e dé ẹ̀rọ tó wà nídìí tẹlifíṣọ̀n. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo gbà pé mo dúró ṣánṣán. Ó kọ ọ́ síwájú mi: òsì 31, ọ̀tún 69 nínú ọgọ́rùn-ún. Mo wo ẹsẹ̀ mi, mo tún wo tẹlifíṣọ̀n. Àṣé ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ló ti ń gbé mi kiri ilé láti ọjọ́ yìí!

Géèmù tí wọ́n ń pè ní Table Tilt ni mo ń ṣe jù. Ibi tí mo bá fì sí ni tábìlì inú rẹ̀ ń tẹ̀ sí, kí bọ́ọ̀lù lè yí bọ́ sínú ihò. Ihò apá òsì ló ń jẹ mí níyà. Ẹsẹ̀ á máa gbọ̀n, òógùn á bò mí, síbẹ̀ mi ò ní fẹ́ sọ̀ kí bọ́ọ̀lù tó wọlé. Bí wọ́n bá ní kí n kàn dúró lásán, mi ò ní ka mẹ́wàá.

Ṣùgbọ́n pátákó ò rí orúnkún, kò rí ìbàdí. Nọ́ńbà mi ń gòkè, inú mi ń dùn, àfi ìgbà tí fisió wò mí láti ẹ̀yìn: "Màmá, ìbàdí lẹ̀ ń tì síta, ẹ ò gbára lé ẹsẹ̀ yẹn." Ó gbé dígí sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ní báyìí, mo ń fi fídíò ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp.

Ẹ má dá nìkan gùn ún o. Àga méjì ló wà lọ́tùn-ún lósì mi, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi á sì dúró lẹ́yìn.

Ẹ wo wáyà iná Wii kẹ́ ẹ tó rà á. Tí Amẹ́ríkà, 120 fólítì ló ń gbà; tiwa, 230. Ẹni tó tà á fún wa ò sọ, bí èyí àkọ́kọ́ ṣe jóná nìyẹn. Kò jẹ dátà, bátìrì mẹ́rin ni pátákó ń lò.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá: òsì 44. Ọwọ́ ní tirẹ̀, pátákó ò ṣe é ní nǹkan kan. Wọ́n ṣì ń bá mi rin ewùrà. Àmọ́ èmi ni mo dúró ti ìkòkò títí ìkọ́kọrẹ́ fi jinná.