Fíúsì, Wáyà, Rédíò: Èwo Ló Yẹ Kí Ẹ Kọ́kọ́ Rà fún Ọkọ̀ Àgbà?

Ẹ̀fín ló kọ́ mi ní ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ojú ọ̀nà Ajàṣẹ́-Ìpo ni mo wà, mo ti kọjá Gànmọ́, Ọdọ́láyé Àrẹ̀mú ń da dàdàkúàdà lọ nínú rédíò, ni òórùn rọ́bà tó ń jóná bá gba inú ọkọ̀ kan. Rédíò ò dákẹ́ o. Ìyẹn ló yà mí lẹ́nu jù: wáyà ń jóná lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, orin ń lọ ní tirẹ̀. Mo pa ọkọ̀, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo fa orí bátìrì yọ. Nígbà tí a tú u wò, fíúsì kò já. Fíúsì áńpù 30 (áńpù ni ìwọ̀n iná tí fíúsì lè gbé) ni réwáyà tó bá mi ṣe é kì bọ ibi tí áńpù 15 wà tẹ́lẹ̀. Ó tiẹ̀ sọ fún mi lọ́jọ́ náà: “Ẹ̀gbọ́n, èyí tó wà níbẹ̀ ń já ṣáá, ẹ jẹ́ kí n fi èyí tó lágbára sí i.” Mo ní kó fi sí i. Èmi náà ni mo sanwó ẹ̀fín.

Ìdí tó fi ń já ni pé a so ańpilifáyà kékeré kan mọ́ wáyà rédíò. Fíúsì ń sọ òótọ́, àwa la pa á lẹ́nu mọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ ra nǹkan sí Corolla tàbí Bluebird tó ti pé ọgbọ̀n ọdún, ẹ jẹ́ ká fohùn ṣọ̀kan lórí èyí ṣáájú ọ̀rọ̀ owó: wáyà ni fíúsì ń ṣọ́, kì í ṣe rédíò. Rédíò ní fíúsì tirẹ̀ ní ẹ̀yìn. Bí wáyà tín-ín-rín bá ń gbé iná tó ju agbára rẹ̀ lọ, yóò gbóná, rọ́bà ara rẹ̀ yóò yọ́, bàbà inú rẹ̀ yóò wá kan irin ara ọkọ̀, ó di bíríìjì. Fíúsì ló yẹ kó kú ṣáájú kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀. Tí fíúsì bá wá lágbára ju wáyà lọ, wáyà gan-an ló di fíúsì.

Fíúsì mẹ́ta tí ẹ lè bá lórí àtẹ

| | Onígò | Onítánganran ẹlẹ́nu ṣóńṣó | Ẹlẹ́sẹ̀ méjì |
|---|---|---|---|
| Ọkọ̀ tó ń lò ó | Datsun, Toyota àwọn ọdún 1970 | Ìjàpá, Mercedes V-boot | Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ láti àwọn ọdún 1980 |
| Bí ẹ ṣe máa mọ áńpù | Nọ́ńbà wẹ́wẹ́ lára ìdérí irin | Àwọ̀ | Àwọ̀ àti nọ́ńbà |
| Ibi tó ń kù sí | Ìdérí ń tú, ó ń mì | Ẹnu rẹ̀ ń dógùn-ún | Ayédèrú pọ̀ |

Onígò kò burú, ṣùgbọ́n gbogbo wọn bára dọ́gba. Èyí tó jẹ́ 5 àti èyí tó jẹ́ 30 wọ ojú ibi kan náà, nọ́ńbà tó yẹ kó yà wọ́n sọ́tọ̀ sì ti parẹ́ lára èyí tó ti pẹ́. Àwọn ọlọ́jà míì a tún gbé fíúsì inú sítábíláísà fún yín. Ìyẹn kúrú, kì í dé ẹnu méjèèjì, ibẹ̀ sì ni bébà fàdákà inú páálí sìgá ti ń wọ ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá rí bébà yẹn nínú àpótí fíúsì ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ rà, ẹ já owó rẹ̀ wálẹ̀, torí ẹ ò mọ ibi tí wáyà ti jóná dé.

Onítánganran ní wàhálà kan tó ń tan èèyàn. Lára rẹ̀, funfun jẹ́ áńpù 8, pupa jẹ́ 16. Lára ẹlẹ́sẹ̀ méjì, pupa jẹ́ 10. Ẹni tó ti mọ́ lára láti máa sọ pé “fún mi ní pupa” lè ṣi rà láìfura. Fún V-boot, ẹ wá èyí tí irin ara rẹ̀ jẹ́ bàbà, kì í ṣe alumíníọ́mù. Alumíníọ́mù ń yára dógùn-ún lẹ́nu, iná á máa wá á máa lọ, ẹ ó sì rò pé rédíò ló bàjẹ́. Ẹ fi ìka yí i síwá-sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀mẹta kí ẹ tó ná owó kankan. Mo ti rí rédíò “tó kú” tó jí báyẹn.

Ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni mo fẹ́ràn jù, bí ọkọ̀ yín tilẹ̀ jẹ́ onígò, torí ẹ lè ra ilé fíúsì tó ń dúró lórí wáyà, kí ẹ fi ṣọ́ wáyà rédíò nìkan láìfọwọ́ kan àpótí àtijọ́. Àwọ̀ rẹ̀ rọrùn: 5 jẹ́ bíráùn fẹ́ẹ́rẹ́, 7.5 bíráùn, 10 pupa, 15 búlúù, 20 yẹ́lò, 25 funfun gaara, 30 àwọ̀ ewé. Ayédèrú rẹ̀ ló ń dẹ́rù bà mí. Mo ra oríṣi méjì: ọ̀kan nínú páálí tirẹ̀, ọ̀kan nínú ọ̀rá tí wọ́n da gbogbo àwọ̀ pọ̀ sí. Mo mú áńpù 5 kọ̀ọ̀kan, mo fi gbé gílóòbù iwájú ọkọ̀ méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wọ́ọ̀tì 55. Méjèèjì pa pọ̀ ń mu bí áńpù 9. Ti inú páálí já kí n tó yọwọ́. Ti inú ọ̀rá dúró digbí, gílóòbù ń tàn, títí ike ara rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Irú èyí, ẹ̀ṣọ́ tó ń sùn ni.

Ẹ má sì retí pé áńpù 15 yóò já bí iná bá ti di 16. Ó lè gbé 20 fún ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó kú. Ìdí nìyí tí wáyà fi gbọ́dọ̀ ní àyè díẹ̀ ju fíúsì lọ.

Wáyà: bàbà gidi àti èyí tí wọ́n fi bàbà bò

Ibí ni kí ẹ ti náwó. Ọ̀pọ̀ wáyà tó wà nínú páálí ańpilifáyà olówó pọ́ọ́kú, alumíníọ́mù ni inú rẹ̀, bàbà kàn jẹ́ aṣọ tó wọ̀. Iná kì í gbà á kọjá bíi bàbà gidi, nítorí náà bó bá sanra bákan náà, ó ń yára gbóná ju ojúlówó lọ. Òógùn ara ọkọ̀ àti ìrì ń bà á jẹ́ lójú ìsopọ̀.

Ẹ yọ fọ́nrán kan, ẹ fi ọ̀bẹ họ ọ́. Bí inú bá funfun, ẹ ti mọ̀. Tàbí kí ẹ fi iná láítà kàn án: fọ́nrán alumíníọ́mù ń yọ́, ó ń já dànù, bàbà á pọ́n, á dúró. Ọlọ́jà tó ń ta ojúlówó kì í bínú sí èyí. Ẹ tún gbé rólù méjì lọ́wọ́ wò, bàbà wúwo ju alumíníọ́mù lọ ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ, ọwọ́ á mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀kẹta ni wáyà ilé, olójú kan tó le bí igi. Bàbà gidi ló máa ń jẹ́, owó rẹ̀ sì lè dín, ṣùgbọ́n kò yẹ ọkọ̀. Ọkọ̀ ń gbọ̀n. Láti Ìlọrin dé Òmù-Àrán péré, ẹ ka gbogbo ihò tí ẹ bá bọ́ sí. Olójú kan á kán níbi tó tẹ̀ sí, inú rọ́bà rẹ̀ ni yóò sì kán sí, ẹ ò ní rí i. Onífọ́nrán púpọ̀ ni kí ẹ rà.

Ìwọ̀n wáyà tí mo ń lò nìyí, mo sì ti dín iná tí mo ń jẹ́ kí wáyà gbé kù nítorí ooru oṣù kẹta wa: milimítà onígun mẹ́rin 1.5 fún fíúsì 15, 2.5 fún 20, 4 fún 30. Fún rédíò láìsí ańpilifáyà, 1.5 tó. Tí ańpilifáyà bá wà, ẹ fún un ní wáyà tirẹ̀ láti bátìrì, kí fíúsì rẹ̀ má jìnnà sí orí bátìrì ju ìdajì mítà lọ, kí ẹ sì fi rọ́bà sí ihò tí wáyà ń gbà wọnú ọkọ̀. Apá wáyà tó wà láàárín bátìrì àti fíúsì kò ní ẹ̀ṣọ́ rárá.

Níbo ni rédíò yóò ti gbaná?

Rédíò tuntun máa ń ní wáyà yẹ́lò àti pupa. Yẹ́lò ló ń pa ìrántí mọ́, ó fẹ́ iná nígbà gbogbo. Pupa ń dúró de kọ́kọ́rọ́. Dúdú lọ sára irin ọkọ̀.

Àwọn réwáyà kan a di yẹ́lò àti pupa pọ̀ mọ́ iná bátìrì. Ó rọrùn, rédíò á máa ṣiṣẹ́ láìsí kọ́kọ́rọ́. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá tàn án sílẹ̀ lálẹ́, ẹ ó ti ọkọ̀ láàárọ̀. Àwọn míì a di méjèèjì mọ́ iná kọ́kọ́rọ́: bátìrì yín yóò sinmi, àmọ́ gbogbo ìgbà tí ẹ bá pa ọkọ̀ ni aago àti àwọn ibùdó tí ẹ tò máa parẹ́. Èyí tó yẹ ni kí yẹ́lò gba ọ̀nà tirẹ̀ pẹ̀lú fíúsì, kí pupa gba ti kọ́kọ́rọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ díẹ̀, owó iṣẹ́ náà á gbé díẹ̀. Ẹ san án. Ọ̀nà kẹrin, kí wọ́n já a mọ́ ibi tí a ń ki ṣájà fóònù bọ̀, ni mo fi jóná, ẹ má bá mi dé ibẹ̀.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀ wáyà ara ọkọ̀. Nínú Toyota àtijọ́, iná gbogbo ìgbà jẹ́ búlúù tó ní ìlà yẹ́lò, ti kọ́kọ́rọ́ jẹ́ àwọ̀ eérú, bíráùn ló ń lọ sára irin. Kò sí ọ̀kan tó bá ti rédíò mu. Mo ti rí ẹni tó so búlúù pọ̀ mọ́ búlúù, àmọ́ búlúù lára rédíò ń rán iná lọ sí eríà ni. Tẹ́sítà ni kí ẹ fi mọ wáyà tó ní iná, owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Dípò gígé orí wáyà ọkọ̀, ẹ ra sọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá ọkọ̀ yín mu, kí ìsopọ̀ wà lára rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fún wáyà pọ̀ pẹ̀lú irin àti píláyà rẹ̀, tàbí kí wọ́n jó o pẹ̀lú lẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n sì fi rọ́bà tó ń súnkì tí ooru bá kàn án bò ó. Lílọ́ wáyà, kí a fi téèpù dì í, kò ní pẹ́: ooru ń yọ́ gọ́ọ̀mù téèpù, ó ń yọ̀ kúrò.

Rédíò tòkunbọ̀ àbí tuntun?

Tòkunbọ̀ ojúlówó máa ń ní irin wúwo lẹ́yìn tó ń tú ooru jáde, ohùn rẹ̀ sì máa ń mọ́. Ẹ wo fíúsì ẹ̀yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá ti fi wáyà dí i, ẹ fi sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti ilẹ̀ Jàpáánù, ẹ bi wọ́n ní ibi tí nọ́ńbà ìkànnì rẹ̀ dé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ láti 76, wọ́n parí sí 90. Ẹ lè gbọ́ Unilorin FM lórí 89.3, ṣùgbọ́n Harmony FM ti Ìdó-Òfián lórí 103.5, ẹ ò ní gbọ́ ọ láéláé, àyàfi tí ẹ bá ra ẹ̀rọ tó ń yí ìkànnì padà, èyí tó máa ń ba ohùn jẹ́. Mo mọ bàbá kan tó dá rédíò padà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ń sọ fún un pé eríà ló bàjẹ́.

Tuntun ní Bluetooth àti ibi fíláàṣì, wáàsí tí ẹ fẹ́ gbọ́ ti wà nínú fóònù yín. Ṣùgbọ́n ẹ má gba ohun tí wọ́n kọ sára páálí gbọ́. “Wọ́ọ̀tì 60 lọ́nà mẹ́rin” jẹ́ 240. Fíúsì ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ 10. Fóòtì 14 nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, lọ́nà áńpù 10, jẹ́ wọ́ọ̀tì 140, apá kan nínú rẹ̀ sì ń di ooru. Bí wọ́ọ̀tì 15 sí 20 bá dé ọ̀dọ̀ sípíkà kọ̀ọ̀kan, ó ti gbìyànjú. Tí ẹ bá ń fi rédíò méjì wéra, ẹ fi fíúsì wọn wéra.

Ohun kan tó ń pa rédíò tuntun nínú ọkọ̀ tó dàgbà gan-an: sípíkà ayé àtijọ́ lè ní wáyà kan ṣoṣo, ara irin ọkọ̀ ló fi ń ṣe èkejì. Rédíò òde òní kò gbà bẹ́ẹ̀. Wáyà méjèèjì sípíkà ní iná lára. Bí ọ̀kan bá kan irin, ẹ̀yà tó ń gbé ohùn jáde nínú rédíò lè jóná lójú ẹsẹ̀, ẹni tó tà á kò sì ní gbà á padà. Bí ọkọ̀ yín bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi owó wáyà sípíkà mẹ́rin kún ìṣirò yín.

Kí ẹ tó sanwó iṣẹ́ fún réwáyà, ẹ ní kó jẹ́ kí ẹ́ńjìnì ṣiṣẹ́, kí rédíò ké sókè fún ogún ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà, ẹ na ọwọ́ sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ di wáyà yẹ́lò mú. Bó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ sanwó. Bí ẹ ò bá lè dì í mú, ẹ ní kó tú u.